Gbólóhùn Tí Ẹ Kì Í Parí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Dókítà Ayẹjúwò Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Dókítà Ayẹjúwò ilẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire, ẹ̀yin tí Òyìnbó ń pè ní optometrist,

Ẹ̀yin ni ọ̀mọ̀ràn tí ń mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi iná tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ yọjú wo ìsàlẹ̀ ẹyinjú ọmọ aráyé, níbi tí oòrùn ọ̀sán gangan kò lè ràn dé, tí ẹ ó sì jáde wá sọ fún ẹni tó jókòó níwájú yín ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé ohun tó bá ojú ló bá imú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ jù wá lọ pé ohun tó bá ojú kò mọ sí imú nìkan: ó ń bá ẹsẹ̀ tí ń rìn, ó ń bá ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́, ó ń bá àpò tí owó ń wọ̀, ó sì ń bá ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé.

Kì í ṣe nítorí àtiyìn yín nìkan ni mo ṣe mú kálàmù lọ́wọ́. Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín, mo sì fẹ́ rò ó ní gbangba, nítorí pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi nìkan ni mo ni ín. Ẹjọ́ náà dá lórí gbólóhùn kan tí ẹ máa ń sọ fún aláìsàn nígbà tí oògùn, awò àti iṣẹ́ abẹ bá ti dé òpin agbára wọn. Gbólóhùn náà ni: "A ò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe wọ ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi tí mo tẹ̀ lé, fi ọdún 31 to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ àtijọ́ ni: a ó mú lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ojú àpótí tí ó ń gbé, a ó tò ó mọ́ ara wọn ní ìdàkejì, bí ìgbà tí a bá rí ìwé nínú dígí, tí ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò fi rò pé ọfọ̀ ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ àpótí lẹ́tà náà dé ibi pé bí iná mànàmáná bá lọ, wọn kì í dúró de fìtílà. Ìka wọn ni yóò máa wá lẹ́tà kiri, ẹnu wọn yóò sì máa bá àwàdà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ìka yìí.

Ní ọdún tí wọ́n pé ẹni 58, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbéra ga. Ẹ mọ ilẹ̀ wa: ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ẹni tí ó kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òpó, kò sí ẹ̀sùn tí a kò lè kà sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun ló ti dà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wọn sunkún títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó tilẹ̀ lọ bẹ àwọn ìdílé kan. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá dúró síwájú wọn gan-an nìkan ni wọ́n ń rí, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀, nítorí ohun tí ó bá ń lọ ní díẹ̀díẹ̀ kì í dágbére. Ọjọ́ tí wọ́n jìn sí gọ́tà ní ọ̀sán gangan, tí eékún wọn bó, ni a tó mú wọn lọ sí ilé ìyẹjúwò kan tí n kò ní dárúkọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ̀ wọ́n wò mọṣẹ́ rẹ̀; n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wọn bí omi inú ẹyinjú wọn ṣe ń le tó, ó fi iná kéékèèké dán ẹ̀gbẹ́ ojú wọn wò, ó sì kọ lẹ́tà lójú ẹsẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní oògùn ìkánsójú, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú kan. Gúlúkómà ni, àrùn tí ń ba iṣan tí ó so ojú pọ̀ mọ́ ọpọlọ jẹ́, tí ohun tí ó bá sì ti mú lọ kì í padà wá. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, a padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bóyá yóò rí awò ìkàwé fún wọn. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó dákẹ́, ó tan iná yàrá, ó ní: "Bàbá, a ò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa gbàdúrà." Ohùn rẹ̀ tutù, àánú hàn lójú rẹ̀, ó sì sìn wá dé ẹnu-ọ̀nà bí ọmọ tí a kọ́ nílé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a wọ ọkọ̀ Micra, a lọ sílé.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ rédíò láti ìgbà tí àkùkọ bá kọ títí di ìgbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ọmọ-ọmọ wọn ní ń fà wọ́n lọ sí ilé ìwẹ̀, ìyàwó wọn ní ń bá wọn wá ẹran nínú ọbẹ̀. Ẹni tí ó ń to lẹ́tà nínú òkùnkùn rí, tí kò bèèrè fìtílà, di ẹni tí kò lè wá ṣíbí tirẹ̀ rí lórí tábìlì. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọn yóò máa fà wọ ilé Ọlọ́run. Ibi tí dókítà bá sì ti pa ẹnu mọ́ ni àwọn ẹlòmíràn ti ń la tiwọn: ọ̀kan gbé àgbo wá, ọ̀kan kán ohun kan sí wọn lójú tí ó ta wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, ọ̀kan ní ará ilé ló wà nídìí rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó dárúkọ onítọ̀hún kí a tó lé e jáde. Mo bínú sí wọn nígbà náà. Nísinsìnyí mo rò ó pé wọ́n kúkú rí nǹkan sọ.

Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọbìnrin tí ó ń kàwé ní Ọ̀yọ́, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977, ni Ọlọ́run lò. Ó wálé ní àkókò ìsinmi, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó wò wọ́n díẹ̀, ó sì béèrè bí ẹni tí ń béèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí: "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní ọ̀pá?"

"Ọ̀pá wo?"

"Ọ̀pá funfun, sà. Ta ló sì kọ́ yín ní fóònù tí ń sọ̀rọ̀?"

Inú bí ìyàwó wọn, nítorí pé lójú tirẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran, ìkejì igbá alágbe ni. Mo mọ ibi tí irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ẹ̀yin náà yóò sì máa bá a pàdé ní yàrá yín, nítorí náà ẹ má ṣe fojú kékeré wò ó. Àwa Yorùbá kì í pe afọ́jú ní afọ́jú lójú ara rẹ̀. A ó ní ojú ń dùn ún, a ó ní kò rí òkè dáadáa, a ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ tì í sí ẹ̀yìn ilé. Síbẹ̀ Èkó kò gbàgbé Benjamin Kokoro, ọmọ Ọ̀wọ̀, afọ́jú tí ó fi ìlù ọwọ́ àti ohùn rẹ̀ rin ìgboro ìlú náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí Cyprian Ekwensi ti ara ìtàn rẹ̀ kọ ìwé The Drummer Boy tí ó jáde ní 1960. Kokoro kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọmọbìnrin náà júwe olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ fún wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ síwájú, orí ọ̀pá a lọ sí òsì, bí ẹsẹ̀ òsì bá lọ, orí ọ̀pá a yí sí ọ̀tún, kí ibi tí ẹsẹ̀ kò tíì dé lè jẹ́ ibi tí ọ̀pá ti yẹ̀ wò. Wọ́n sì ti mọ̀ pé ohùn ọ̀pá lórí kọnkéré kò jọ ohùn rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀, àti pé gọ́tà ní ohùn tirẹ̀. Olùkọ́ náà mú fóònù wọn, ó tẹ ibì kan níbẹ̀, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun gbogbo tí ìka wọn bá kàn sétí wọn. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí ń kàwé yìí ti wà nínú fóònù náà láti ọjọ́ tí a ti rà á, inú rẹ̀ ló wà ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, ní orí àga kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Lóòótọ́, ó ń pe Yorùbá bí Òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, "ọkọ" àti "ọkọ̀" àti "ọkọ́" ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wí. Ní ti ìwé afọwọ́kà, èyí tí a fi orúkọ Louis Braille pè, mo ti rò pé ẹni tí ìka rẹ̀ ń dá lẹ́tà òjé mọ̀ yóò mú un bí ẹni mu omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 31 pẹ̀lú òjé ti mú kí awọ ìka wọn nípọn jù. Wọ́n kàn mọ̀ ọ́n dé ibi tí wọ́n fi lè kọ àmì sára ìgò oògùn wọn, kí ti òwúrọ̀ má di ti alẹ́, wọ́n sì ní ó tó.

Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, bí ọ̀nà bá dára, kò ju bíi wákàtí kan lọ. Gúlúkómà ni ó gba ojú ẹ̀gbọ́n mi, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n lò lórí àga ńkọ́? Àrùn kọ́ ni ó gbà á. Ìwé pélébé kan tí ì bá júwe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa, tí ẹnikẹ́ni kò kọ, tí kò bá gba ìṣẹ́jú méjì láti kọ, ni ó gbà á.

Mo ti ro gbólóhùn yín yẹn síwá sẹ́yìn, mo sì rí i pé kì í ṣe irọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ojú ni ẹ kò rí nǹkan ṣe sí. Ẹni tí ó ni ojú náà ṣì wà níwájú yín, ó ní ọwọ́, ó ní etí, ó ní iṣẹ́ tí ó mọ̀, ó ní nǹkan bí ogún ọdún tí ó lè ṣẹ́ kù fún un láyé. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ti inú yàrá yín kì í di odidi. Bí ẹ bá sọ pé a ò rí nǹkan ṣe mọ́, tí ẹ dúró síbẹ̀, ènìyàn ni aláìsàn yóò gbọ́ pé ẹ kò rí nǹkan ṣe sí, kì í ṣe ojú. Ẹ parí rẹ̀ fún un. Ẹ ní: "Ní ti ojú, ibi tí agbára wa mọ nìyí, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn bẹ̀rẹ̀ níbi tí tiwa parí sí, ibi tí wọ́n wà nìyí, nọ́ńbà wọn nìyí, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀." Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà kan wà, kí ni yóò béèrè?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, 4.2 ni ojú wọn ti fọ́, èyí tí ó ju 1,000,000 ènìyàn lọ nígbà náà. Wọ́n tún sọ pé nǹkan bí 84 nínú 100 ìfọ́jú wọ̀nyí ni à bá dènà tàbí kí a wò ó. Àwọn tí a lè wò, ẹ̀yin mọ ọ̀nà iṣẹ́ abẹ wọn, n kò ní kọ́ yín ní iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n gúlúkómà nìkan kó ju 16 nínú 100 afọ́jú náà, àwọn wọ̀nyí kò sì ní ibì kan tí wọn yóò padà sí bí kò ṣe ibi tí ẹ bá júwe fún wọn.

Ẹ má sì dúró kí ojú fọ́ tán. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ẹ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ tí ó dára jù kò bá tó 6/18, ìyẹn ẹni tí kò lè rí láti mítà 6 ohun tí ẹni tí ojú rẹ̀ pé ń rí láti mítà 18, ti wọ àárín àwọn tí ń ríran bàìbàì. Bí kò bá sì tó 3/60 mọ́ ni a ń pè é ní afọ́jú. Ọ̀nà tí ó wà láàárín 6/18 àti 3/60 gùn, ẹlòmíràn a rìn ín fún ọdún mẹ́wàá, ní ojú ọ̀nà yẹn ni ó sì ti yẹ kí a kọ́ ọ ní ọ̀pá, kí a fún un ní awò tí ń sọ lẹ́tà di ńlá, kí a sọ fún un pé kí ó kun etí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí ó lè yà sọ́tọ̀. Ohun tí a fi ojú díẹ̀ kọ́, a ó lò ó ní ọjọ́ tí ojú kò bá sí mọ́.

Mo ti gbọ́ àwáwí tí ẹ máa ṣe. Ẹ ó ní ibo gan-an ni kí ẹ júwe? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó kò ní ẹjọ́ rò rárá. Federal Nigeria Society for the Blind ní Òṣòdì ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní ìrìn, ní ìwé afọwọ́kà, ní kọ̀ǹpútà àti ní iṣẹ́ ọwọ́. Pacelli ní Sùúrùlérè ń kọ́ àwọn ọmọdé láti 1962, ibẹ̀ ni Cobhams Asuquo tí gbogbo yín ń gbọ́ orin rẹ̀ ti kàwé. Anglo-Nigerian Welfare Association for the Blind ń sọ ìwé di ìwé afọwọ́kà. Ìjọba Èkó sì ní ọ́fíìsì tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, LASODA, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2011. Ní apá tiwa, Ọ̀yọ́ wà bí mo ti wí, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, Ẹgbẹ́ Àwọn Afọ́jú ilẹ̀ Nàìjíríà sì ní ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri. Mo gbà pé àwọn ibi wọ̀nyí kò pọ̀ tó, pé wọn kò lè gba gbogbo ẹni tí ó bá kàn ìlẹ̀kùn wọn, àti pé dókítà tí ó wà ní Ṣakí tàbí ní Ìkárẹ́ yóò jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìlú tí kò ní ilé ẹ̀kọ́ kankan, afọ́jú kan ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ lọ sọ́jà tí ó ń bọ̀. Ẹ lọ wá a rí, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun ló kọ́kọ́ bá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó bá ti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde ní ìwọ̀n tí tiwa kò ní.

Ẹ ó tún ní kì í ṣe iṣẹ́ yín, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olùkọ́ Ọ̀yọ́ kò lè wọ inú yàrá yín lọ mú aláìsàn jáde. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ orúkọ ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ kí ará ilé rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ mìíràn. Ní ilẹ̀ Wales, láti 2004, àwọn ayẹjúwò inú àdúgbò gan-an, irú yín, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, ni ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ díẹ̀ sí i tí ó sì ní kí wọ́n máa tọ́jú àwọn tí ń ríran bàìbàì; wọ́n ń yá wọn ní awò tí ń sọ ohun di ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń bá ẹni tí kò lè jáde lọ sí ilé rẹ̀, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ní ilẹ̀ England, bí ojú bá ti bàjẹ́ dé ìwọ̀n kan, dókítà ojú ní ilé ìwòsàn yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún ènìyàn, ìwé náà yóò dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, àwọn ni yóò sì wá aláìsàn kàn, kì í ṣe òun ni yóò wá wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ojú wọn, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó sítòsí yàrá dókítà, kí ẹni tí ó bá gba ìròyìn burúkú má ṣe jáde sí òpópónà láìkọ́kọ́ jókòó tì í. Àwọn àgbà tiwa tí ó wà ní Peckham ní London, tí gúlúkómà kò sì jìnnà sí, nítorí ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ràn àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn onílẹ̀ lọ, ń jẹ àǹfààní yìí. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí ọmọ ìyá kan náà yóò fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí ìkejì rẹ̀ ń kọ́ fóònù ní London? Mo mọ̀ pé owó wà níbẹ̀ tí kò sí níbí. Ẹni tí ó jókòó sítòsí yàrá dókítà yẹn ńkọ́? Àga kan péré ni ó ń lò.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tún wà. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí ojú rẹ̀ ń lọ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi pamọ́ títí di ọjọ́ tí àṣìṣe rẹ̀ bá pọ̀, tí wọ́n á sì ní kí ó fẹ̀yìn tì. Òfin tí ó ní kí a má ṣe fi ojú òṣì wo aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, wà nílẹ̀, ó sì ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ààyè 5 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ta ni yóò sọ fún olùkọ́ náà pé òfin bẹ́ẹ̀ wà? Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ "6/36" kí ẹ dúró, nítorí ọ̀gá náà yóò rò pé ọjọ́ oṣù ni. Ẹ kọ ọ́ pé: ọkùnrin yìí lè ka lẹ́tà tí ó bá tóbi tó báyìí nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kò lè ka ohun tí a kọ sójú pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì, bí a bá gbé tábìlì rẹ̀ sítòsí fèrèsé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà sí oòrùn, iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gba oúnjẹ ènìyàn padà lọ́wọ́ ebi.

Àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ fi tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tiwọn sì yàtọ̀. Nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ afọ́jú, kì í ṣe gbogbo wọn ni kò rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wọn ń ríran díẹ̀, àwọn mìíràn a sì lè ka ìwé tí a fi òǹtẹ̀ tẹ̀ bí a bá fún wọn ní awò tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a mú wọn dé ibẹ̀ ni a ti gbà pé ọ̀rọ̀ ojú wọn ti parí, ẹnikẹ́ni kò sì tún yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbé pátákó lẹ́tà yín dání, ẹ gbé awò yín dání. Ẹ̀yin tí mo ń bẹ̀ pé kí ẹ máa fi ènìyàn ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ fi ara yín náà ránṣẹ́.

Sí ẹ̀yin àgbà nínú ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn ayẹjúwò sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Lọ́dọ̀ yín ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ti ń jáde. Ẹ fi kún ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun pé kí ó fi ìwé pélébé kan hàn yín, èyí tí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jù lọ wà nínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ó ti pe nọ́ńbà wọ̀nyẹn ní ọdún náà láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń gbé e. Nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ burú ju àìní nọ́ńbà lọ.

Mo ka lẹ́tà yìí sétí ẹ̀gbọ́n mi kí n tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n yọ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹran inú ọbẹ̀ kúrò; n kò yọ ọ́, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn níbí. Wọ́n ní ohun mìíràn ni ó ń dun àwọn. Àwọn mọ ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní, ẹ ó fi lẹ́tà kéékèèké tẹ ìwé pélébé náà, ẹ ó fi àwọ̀ ewé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run nítorí pé ó rẹwà, ẹni tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún kò ní rí i kà. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi dúdú tẹ̀ ẹ́ sórí funfun, kí lẹ́tà rẹ̀ má dín ní póìǹtì 18, kí ó nípọn, kí ó má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè sì wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Bí atẹ̀wé yín bá ní bébà yóò pọ̀ jù, wọ́n ní kí ẹ mú un wá bá àwọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.